SÙÚRÙ ÒBÍ KÌ Í ṢE ẸRÙ ÌYÁ NÌKAN

  

 Bí a bá ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún irú èyí, ohun tí a sábà máa ń rí kà níbẹ̀ ni ojúṣe ọmọ sí òbí rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, mo fẹ́ kí á yí ojú sí òbí fúnra rẹ̀, pàápàá òbí tí ó ti rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ọmọ ti sú, tí kò sì mọ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. A máa ń sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó ní sùúrù. Àwa ọkùnrin ni a máa ń sọ ọ́ jù, nígbà tí a bá jókòó lórí àga tí a ń retí oúnjẹ. Ní èrò tèmi, ẹni tí ó ń pàṣẹ sùúrù fún ẹlòmíràn, tí kò sì bá a gbé nínú ẹrù tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ rì, kò tíì mọ ohun tí ẹ̀sìn Islam ń pè ní sùúrù. Sùúrù nínú ọmọ títọ́ jẹ́ ìjọ́sìn. Iṣẹ́ ni pẹ̀lú, iṣẹ́ náà sì kan bàbá, ó kan ìyá, ó kan ará ilé, ó kan ará mọ́ṣáláṣí.

BÍ ẸRÙ NÁÀ ṢE WÚWO TÓ

Ẹ jẹ́ kí á wo ọjọ́ kan péré nínú ọjọ́ ayé àwọn ìyá tí ó wà láàárín wa. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà ni ó ti dìde. Ó dáná, ó pọn omi, ó wẹ ọmọ mẹ́rin, ó wá ìbọ̀sẹ̀ tí ó sọnù, ó sì kírun. Láti ibẹ̀ ó di ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Nígbà tí yóò fi padà dé ní ìrọ̀lẹ́, iná ti lọ, omi kò sí, àbígbẹ̀yìn ń sunkún, àkọ́bí kò tíì ka wàláà rẹ̀, méjì tí ó kù sì ń jà lórí ẹran. Bàbá pẹ̀lú kò jókòó. Ó wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ láti aago mẹ́rin, ó sì ń ṣírò owó ilé-ẹ̀kọ́ lórí bí ó ti ń bọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù. Kò sí òbí kan nínú wa tí kò mọ ohun tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ti dà láti ìgbà náà.

Ohun kan tún wà tí a kì í ṣírò mọ́ ọn. Àwọn bàbá ńlá wa kò tọ́ ọmọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Inú agboolé ni wọ́n ti tọ́ wọn. Bí ìyá bá ń dáná, ìyá àgbà wà tí yóò gbé ọmọ pọ̀n. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, bàbá kékeré wà tí yóò pè é sí kọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀, bí ìyá bá sì fẹ́ nà á ní ànàjù, ìyá ọkọ wà tí yóò bọ́ sí àárín. Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá ni tọ́ ọ. Lónìí, tọkọtaya kan àti ọmọ mẹ́rin ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ìyá àgbà wà ní ìlú, aládùúgbò kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọmọ òun wí. Iṣẹ́ igba ènìyàn ti di iṣẹ́ ẹnìkan. Nítorí náà, nígbà tí a bá rí ìyá tí ó jágbe mọ́ ọmọ, kí á má yára sọ pé obìnrin ayé òde òní kò ní sùúrù. Kí á kọ́kọ́ bèèrè pé ta ni ó bá a gbé ọmọ lónìí?

KÍ NI SÙÚRÙ?

Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá bá wa, láti ara sabr. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ ni kí á dá nǹkan dúró, kí á kó o ní ìjánu. Onímímọ̀ ńlá nì, Ibn al-Qayyim, tí ó kú ní ọdún 1350, kọ odindi ìwé kan lórí sùúrù àti ọpẹ́. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọkàn ni à ń kó ní ìjánu kúrò níbi ìpayà, ahọ́n kúrò níbi ìráhùn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kúrò níbi ìwà tí kò tọ́. Àwọn onímímọ̀ sì pín sùúrù sí ọ̀nà mẹ́ta: sùúrù lórí títẹ̀lé àṣẹ Ọlọ́hun, sùúrù níbi yíyẹra fún ẹ̀ṣẹ̀, àti sùúrù lórí kádàrá.

Ẹ wò ó bí òbí ti ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti jí ọmọ ọdún mẹ́jọ dìde fún Àsùbáà, kí ó tún padà sùn, kí á tún jí i, sùúrù lórí àṣẹ Ọlọ́hun ni. Láti gbé èpè tí ó ti dé orí ahọ́n mì, sùúrù níbi ẹ̀ṣẹ̀ ni. Láti jókòó ti ọmọ tí àìsàn fọ̀níkúfọ̀ladìde ń yọ lẹ́nu láti òru mọ́jú, sùúrù lórí kádàrá ni. Ta ni yóò wá sọ pé òbí tí ó ń ṣe gbogbo èyí kò sí nínú ìjọ́sìn?

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: kò sí ibì kan nínú àlàyé yìí tí wọ́n ti ní sùúrù ni kí ènìyàn jókòó sójú kan kí ó máa jìyà. Ìyá wa Hájárà ni ẹ̀rí mi.

SÙÚRÙ TÍ Ó Ń SÁRÉ

Ànábì Ibrahim fi Hájárà àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, Ismail, sílẹ̀ ní àfonífojì tí kò sí ohun ọ̀gbìn kankan, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti mẹ́nu bà á nínú Suratu Ibrahim, ẹsẹ 37. Nínú hadíìsì tí Bukhari gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas, apò èso dàbínù kan àti ìgò awọ omi kan ni ó fi sílẹ̀ fún wọn. Hájárà bèèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bóyá Ọlọ́hun ni ó pa á láṣẹ. Nígbà tí ó gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní a jẹ́ pé Ọlọ́hun kò ní í fi wọ́n sílẹ̀.

Omi tán. Ọmú gbẹ. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri nítorí òǹgbẹ. Ṣé Hájárà jókòó tì í, kí ó máa wí pé òun gba kádàrá? Rárá o. Ó dìde, ó sáré láti orí òkè Safa dé orí òkè Marwa, ó ń wo ọ̀ọ́kán bóyá òun yóò rí ènìyàn, ẹ̀ẹ̀méje gbáko. Lẹ́yìn èyí ni omi Samsam yọ. Títí di òní olónìí, gbogbo ẹni tí ó bá lọ sí Hájì tàbí Úmúrà, ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ olówó, ó di dandan kí ó tọ ipasẹ̀ ìyá tí ọ̀rọ̀ ọmọ kà láyà yìí. Ọlọ́hun kò sọ pé ìsáré rẹ̀ jẹ́ àìnísùúrù. Ó sọ ọ́ di ara ìjọ́sìn.

Èyí tí a kì í sábà gbọ́ nínú wáàsí ni apá ìkẹyìn ìtàn náà. Nígbà tí omi ti wà, àwọn ará ẹ̀yà Jurhum rí ẹyẹ tí ó ń rà bàbà lókè ibẹ̀, wọ́n wá bá Hájárà, wọ́n sì bèèrè bóyá òun yóò jẹ́ kí àwọn máa gbé ibẹ̀. Ó gbà fún wọn, ṣùgbọ́n ó ní omi náà kò ní í di tiwọn. Hadíìsì náà sọ ìdí tí inú rẹ̀ fi dùn sí i: ó fẹ́ràn kí òun ní ènìyàn lọ́dọ̀. Obìnrin tí ó ní ìgbàgbọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú Ọlọ́hun, tí málékà bá sọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò fẹ́ dá ọmọ tọ́ ní òun nìkan. Kí ni ó wá dé tí a fi ń ka ìyá tí ó bá bèèrè ìrànlọ́wọ́ sí ọ̀lẹ?

ÌGBÀ ÀKỌ́KỌ́ NI SÙÚRÙ ṢÒRO

Anas ọmọ Malik sọ fún wa pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lára obìnrin kan tí ó ń sunkún níbi sàréè. Ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun kí ó sì ṣe sùúrù. Obìnrin náà kò mọ̀ ọ́n, ó dá a lóhùn pé kí ó kúrò lọ́dọ̀ òun, nítorí pé irú àdánwò òun kò tíì bá a. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé Ànábì ni, ó sáré lọ sí ilé rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Ànábì kò bá a jà, kò sì fi ọ̀rọ̀ líle tí ó kọ́kọ́ sọ ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ohun tí ó fi yé e ni pé níbi ìkọlù àkọ́kọ́ gan-an ni à ń mọ sùúrù.

Ẹ gbé èyí wọ inú ilé. Ọmọ da gàrí ìkẹyìn sílẹ̀. Ọmọ fọ́ abọ́. Olùkọ́ ránṣẹ́ pé ọmọ kò wá sí ilé-kéwú láti ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn wákàtí kan, gbogbo òbí ní í ní sùúrù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ni iṣẹ́ wà, ahọ́n ni ó sì máa ń kọ́kọ́ jáde. "Olóríkunkun!" "Ìwọ kò ní í dára láyé!" "Bí o ṣe ń ṣe mí yìí, ọmọ tìrẹ náà yóò ṣe ọ́!" Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwa Yorùbá mọ̀ pé ẹnu òbí mú. Bí ènìyàn bá ń rin ìrìn-àjò, àdúrà ìyá ni ó ń wá kiri. Ẹnu kan náà tí a ń wá àdúrà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a wá ń fi èpè jí ọmọ láàárọ̀.

Nínú hadíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Jabir, Ànábì kọ̀ fún wa láti ṣẹ́ èpè lé ara wa, ọmọ wa tàbí ohun ìní wa lórí, kí ó má baà bọ́ sí àkókò tí Ọlọ́hun ń gba ohun tí a bá tọrọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ̀yin òbí mi, bí ó bá di dandan kí ẹnu yín là nígbà tí inú bá ń bí yín, ẹ kọ́ ọ ní àdúrà: "Kí Ọlọ́hun tún ìwọ ọmọ yìí ṣe!" Ohùn náà lè le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yóò jẹ́ ire.

OHUN TÍ ÀNÁBÌ FI KỌ́ WA NÍGBÀ ÌBÍNÚ

Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ànábì kò fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú "mú sùúrù" lásán, ó fi ohun tí a ó ṣe kọ́ wa.

Èkíní, kí ẹni tí inú ń bí wá ìṣọ́ra Ọlọ́hun kúrò lọ́dọ̀ Ṣàítánì.

Èkejì, kí ó dákẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá wà ní ìdúró kí ó jókòó, bí kò bá tíì lọ kí ó dùbúlẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: ẹni tí ó jókòó kì í tètè gbá ọmọ létí, ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kò sì lè lé ọmọ bá.

Ẹ̀kẹrin, kí ó ṣe àlùwàlá, nítorí omi ní í pa iná.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fi ọ̀kan kún un láti inú ìrírí àwa tí a ń kọ́ ọmọ: ẹ má ṣe dá ẹjọ́ ọmọ ní ìgbà tí ebi ń pa yín tàbí tí oorun ń kùn yín. Ànábì kọ̀ fún adájọ́ láti dá ẹjọ́ láàárín ènìyàn méjì nígbà tí inú bá ń bí i. Òbí ni adájọ́ ilé. Bí ẹjọ́ olówó orí ọgọ́rùn-ún náírà bá lè dúró di ọ̀la, ẹjọ́ ọmọ tí a bí nínú ara wa lè dúró títí a ó fi jẹun tán.

Ó kan ọ̀rọ̀ pàṣán. Bí a bá bá àwọn kan wí lórí nínà ọmọ, ohun tí wọ́n máa ń mú jáde ni hadíìsì tí ó ní kí á máa pa ọmọ láṣẹ ìrun ní ọmọ ọdún 7, kí á sì nà án lórí rẹ̀ bí ó bá di ọmọ ọdún 10. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Láti ọdún 7 sí ọdún 10 jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ọdún ìṣírò òṣùpá kan jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 354, ìrun sì jẹ́ márùn-ún lójúmọ́. Bí a bá pa á pọ̀, yóò lé ní 5,300 ìgbà tí òbí ti fi ẹnu sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ ẹgba tó wáyé rárá. Ta ni nínú wa tí ó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀? Nígbà náà pàápàá, àwọn onímímọ̀ kò fi àyè gba kí á nà án ní ojú, tàbí kí á nà án débi tí ara yóò bó, tàbí kí á fi bínú. Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sì jẹ́rìí pé Ànábì kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu obìnrin tàbí ìránṣẹ́ kankan rí. Hadíìsì tí a fi ń wá àyè nínà, hadíìsì sùúrù ni.

Ẹ má sì gbé ìbínú yín wá fún àwa olùkọ́ kí á bá yín fi ẹgba parí rẹ̀. "Àfáà, ẹ bá mi nà án" kì í ṣe ọ̀nà tí a ń gbà fi ọmọ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹ sọ ohun tí ọmọ ń ṣe nílé fún wa, kí á jọ wá ojútùú sí i.

Ẹ̀YIN BÀBÁ

Òwe kan wà tí a máa ń pa tí kò dára tó: bí ọmọ bá dára, ti bàbá ni, bí kò bá dára, ti ìyá ni. Àlùkùránì kò pín in bẹ́ẹ̀. Nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 233, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ̀rọ̀ lórí fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì, Ó gbé bíbọ́ ìyá àti aṣọ rẹ̀ lé bàbá lọ́rùn. Ó kọ̀ kí á ni ìyá lára nítorí ọmọ, Ó sì kọ̀ kí á ni bàbá lára nítorí ọmọ. Bí wọ́n bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, Ó ní kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìfohùnṣọ̀kan àti ìjíròrò àwọn méjèèjì. Bí Ọlọ́hun bá ní kí tọkọtaya jíròrò lórí ọmú, mélòó-mélòó ni lórí owó ilé-ẹ̀kọ́, lórí oorun òru, lórí ọmọ tí ó ń puró?

Wọ́n bi Aisha léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó dáhùn pé iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe, bí àkókò ìrun bá sì tó, yóò jáde lọ kírun. Ẹni tí iṣẹ́ gbogbo ọmọ ènìyàn wà lọ́rùn rẹ̀ ni èyí o. Bàbá wo ni ó wá ní iṣẹ́ jù ú lọ, tí kò fi lè wẹ ọmọ, tí kò fi lè gbọ́ kéwú ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìrun Ìṣáì?

Àwọn kan yóò rán wa létí Fatimah, ọmọ Ànábì. Ọlọ ti dá egbò sí i lọ́wọ́, ó lọ tọrọ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Ànábì kò sì fún un ní ìránṣẹ́. Ó kọ́ ọ kí ó máa ṣe tẹ̀súbà nígbà tí ó bá fẹ́ sùn: Sùbúhánálláhì 33, Àlùhàmúdùlílláhì 33, Àlláhù Ákbárù 34. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ ńlá sì ni fún gbogbo òbí tí ó rẹ̀: ìrántí Ọlọ́hun ń fún ara ní okun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Fatimah nìkan ni Ànábì kọ́. Ó wá sí ilé wọn lóru, ó jókòó láàárín òun àti ọkọ rẹ̀, ó sì kọ́ àwọn méjèèjì. Ali ni ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún wa, tí ó ní láti ọjọ́ náà òun kò fi í sílẹ̀ rí. Bàbá tí yóò bá fi ìtàn Fatimah ki ìyàwó rẹ̀ láyà, kí òun náà gbé tẹ̀súbà, kí ó sì rántí pé àánú ni ó gbé bàbá Fatimah dìde lóru lọ bá wọn.

Nígbà tí Al-Aqra' ọmọ Habis rí Ànábì tí ó fi ẹnu ko ọmọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò sì fi ẹnu ko ọ̀kan rí. Ànábì fi yé e pé ẹni tí kò bá ṣàánú, a kò ní í ṣàánú rẹ̀. Àwọn bàbá wa kan ṣì ń fi irú ọ̀rọ̀ Al-Aqra' yìí yangàn títí di òní.

ẸRÙ ARÁ MỌ́ṢÁLÁṢÍ

Ànábì máa ń gbèrò láti fa ìrun gùn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ igbe ọmọ, yóò gé e kúrú nítorí ó mọ bí àyà ìyá ọmọ náà yóò ti máa já. Ó gbé Umamah, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, lé èjìká lórí ìrun. Bí ó bá fẹ́ foríkanlẹ̀ yóò gbé e sílẹ̀, bí ó bá dìde yóò tún gbé e. Nínú mọ́ṣáláṣí tiwa ńkọ́? Bí ọmọ bá sunkún lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ojú tí a fi ń wo ìyá rẹ̀ tó láti mú un jókòó sílé títí ọmọ yóò fi di ọdún mẹ́fà. A sì ń sọ nínú wáàsí pé àwọn obìnrin kì í wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun!

Ohun tí a lè ṣe kò pọ̀ jù agbára wa lọ. Ẹgbẹ́ àsàlátù tí ó lè ra ankara fún ayẹyẹ lè yan àwọn ìyá méjì-méjì tí yóò máa ṣèbẹ̀wò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kì í ṣe fún ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìkan, bí kò ṣe fún ogójì ọjọ́. Opó tí ó ń dá ọmọ tọ́ nílò ẹni tí yóò gba ọmọ fún wákàtí mélòó kan ju ẹni tí yóò kàn sọ pé Ọlọ́hun yóò ṣe é lọ. Ilé-kéwú ọjọ́ Sátidé àti Sunday tiwa pẹ̀lú jẹ́ ìsinmi fún òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀ sinmi.

NÍGBÀ TÍ Ó BÁ DI ÀÌSÀN

Ìbànújẹ́ kò sọ ènìyàn di aláìnísùúrù. Ànábì Yakub, tí Àlùkùránì ròyìn sùúrù rẹ̀ ní sùúrù tí ó rẹwà, sunkún ọmọ rẹ̀ Yusuf títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ọlọ́hun ni ó ń ráhùn sí, ṣùgbọ́n ó sunkún. Nítorí náà ẹ má ṣe sọ fún ìyá tí ó ń sunkún pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó.

Ó sì ní èyí tí ó ju àárẹ̀ lọ. Bí ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò bá lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, bí ó bá ń sunkún láìnídìí fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bí ó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú tàbí òun fẹ́ ṣe ọmọ ní ibi, kì í ṣe sùúrù ni ó kù fún un, dókítà ni. Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí, wọ́n ní orúkọ fún èyí tí ó le jù nínú rẹ̀: abísínwín. Ó ní ìwòsàn. Ànábì pàṣẹ kí á máa wá ìwòsàn, nítorí Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Kí á má ṣe bẹ̀rù orúkọ Aro ní Abẹ́òkúta débi pé a ó fi ẹ̀mí ìyá tàbí ti ọmọ wéwu. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbẹ̀ ní ọdún 1954, ó ní kí ará ilé aláìsàn bá a wá, kí wọ́n sì jọ máa gbé ní abúlé itòsí. Dókítà pàápàá mọ̀ pé ẹnìkan kì í dá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀YIN AKẸ́KỌ̀Ọ́ WA

Ẹ má rò pé ẹ ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Suratul-Isra'i, ẹsẹ 23, Ọlọ́hun kọ̀ fún yín láti sọ "uff" sí òbí yín. "Uff" kò ju òṣé tí ẹ ń pa lábẹ́ eyín lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí kan náà ni Anas ọmọ Malik mẹ́nu bà. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un wá sin Ànábì, ó sì sìn ín fún ọdún mẹ́wàá. Ó ní láàárín gbogbo ọdún náà, Ànábì kò sọ "uff" sí òun rí, kò sì bi òun pé kí ló dé tí òun fi ṣe báyìí tàbí tí òun kò fi ṣe báyìí. Ẹ rí i pé ọ̀nà náà lọ, ó sì bọ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí òbí, ẹni tí ó sì jẹ́ àwòkọ́ṣe fún òbí kò sọ ọ́ sí ọmọ.

Bí ẹ bá rí i pé ó ti rẹ ìyá yín, ẹ má dúró kí ó tó pè yín. Ẹ fọ abọ́, ẹ gbé àbúrò yín pọ̀n, ẹ tẹ́ ìbùsùn. Èyí tí ẹ bá fi bù kún sùúrù ìyá yín, láádá ni fún yín.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin òbí mi, àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún ni à ń fi fà á mọ́ra. Kò sí òbí tí ìbínú kò ní í mú rí. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, kí á pe ọmọ padà, kí á fà á mọ́ra, kí á sọ ohun tí a fẹ́ kí ó gbọ́ ní ohùn pẹ̀lẹ́, bí Lukman ti ń pe ọmọ rẹ̀ ní ọmọ òun kékeré nínú gbogbo ìmọ̀ràn rẹ̀. Lálẹ́ òní, kí bàbá tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé kí ó lọ sinmi. Ó sàn ju wáàsí sùúrù mẹ́wàá lọ.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn ọmọ wa ṣe ìtutù ojú fún wa. Kí Ó kó ahọ́n wa ní ìjánu nígbà ìbínú, kí Ó dárí jin àwọn òbí wa tí wọ́n ti ṣáájú wa lọ, kí Ó sì fún ìyá tí kò rí oorun sùn ní ìsinmi ní ayé àti ní Àlùjánnà. Àmín.